Fítámì Kì í Ṣe Oògùn

Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ tí mi ò fi ojú mi rí i rí. Inú ẹ̀rọ ló ti ń tàn, nínú ihò kótópó kan tó ṣókùnkùn biribiri, kí èèyàn sì tó ṣẹ́jú, ó ti kú. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ń rí i. Á wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, àwa á tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé, ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ á sì gbà á, á rẹ́rìn-ín tàbí kó bú sẹ́kún. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn, ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Àpápá, nítòsí Liverpool Road, níbi tí tírélà ti ń fun fèrè látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni pé fèrè ló ń gbé ọkọ̀ lọ.

Irin ló ń tan ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ má rò ó sí irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ o. Ruténíọ́ọ̀mù lorúkọ rẹ̀, irin kan tó ṣọ̀wọ́n láyé. Àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì á mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹyọ tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, wọ́n á wá fi èròjà mẹ́ta mìíràn dì í mú yíká, bí ìgbà tí ọmọ mẹ́ta bá so ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n fi ẹnì kan sáàárín níbi eré. Bí iná mànàmáná bá ti kàn án báyìí, kò ní jó, kò ní gbóná. Á kàn tàn yòò, pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀yinná. Òun la fi ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀: èyí tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn, èyí tó ń sọ̀rọ̀ nípa gẹ̀gẹ̀ ọrùn, èyí tó ń sọ̀rọ̀ nípa oyún. Àwọn ọ̀gá tó ń gbé GRA á rán dírẹ́bà wá gba èsì tiwọn nínú áńfílóòpù. Àwọn awakọ̀ Creek Road á wá fúnra wọn, wọ́n á ní kí n kà á fáwọn, kí n má fi òyìnbó dá àwọn lágara. Àwọn ti ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa méjì péré ni màámi bí. Ìṣẹ́yìn làwọn òbí wa ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ la ti lajú sáyé, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé dòní pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Òun ló pọ̀n mí. Òun ló lù mí lálùbami nígbà tí mo ní mi ò lọ sílé-ìwé mọ́. Tísà ni, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń kọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń nu ikun imú fún látàárọ̀ dọ̀sán, tó bá wá délé, ilé á pa lọ́lọ́. Ọdún ń gorí ọdún lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, ọmọ ò dé. Bí a bá wà níbi ìsọmọlórúkọ, òun ló máa ń yára gba ọmọ mọ́ra jù, òun náà ló sì máa ń yára dá a padà fún ìyá rẹ̀. Mo máa ń rí i. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ mọ́ àgbàlagbà. Ìfẹ́ ọmọ-ọmọ ló ń dà á láàmú. Ó kọ́kọ́ gbé àgbo wá. Lẹ́yìn àgbo, ó gbé àgúnmu wá nínú bébà. Ìgbà tó wá gbé ìgbàdí wá pé kó máa so ó mọ́dìí sùn, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀. Mi ò kì í lo oògùn." Ìyá bínú lọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ó dé etí ẹbí. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ó káre. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ oògùn nínú ilé yẹn. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lẹ́nu wa: ọ̀kan náà la fi ń pe èyí tí dókítà kọ, èyí tí wọ́n fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi ń pa eku.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn iléyá, ó pè mí lórí fóònù ní kùtùkùtù. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Níbo lo wà? Máa bọ̀." Mo dé ibẹ̀, mo bá a tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ike pẹlẹbẹ kan mú bí ẹni di ẹyin mú. Ike tí wọ́n fi ń dán ìtọ̀ wò ni. Ìlà pupa méjì ló wà lára rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síbí, mo yẹ̀ ẹ́ wò sọ́hùn-ún. Mo ní, "Aǹtí mi, ṣé ẹ mọ̀ pé wúrà nìyí? Ìyẹ̀fun wúrà ló pupa báyẹn o."

Ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́, oníwúrà. Ṣé oyún ni àbí kì í ṣe oyún?"

Mo ní oyún ni. La bá dìrọ̀ mọ́ra, a ń fò sókè láìwọ bàtà, títí aládùúgbò wọn kan, obìnrin ará Warri, fi wá kan ilẹ̀kùn: "Una well so? Wetin happen?" A ní kò sí nǹkan, aáyán la rí. Ẹ̀gbọ́n mi di ẹnu mi mú. Ó ní ọkọ òun nìkan ló mọ̀, bí mo bá sọ fún ẹlòmíràn, òun á gé ahọ́n mi sọnù.

Ìdùnnú yẹn ò tíì tán lára wa tó fi rí ẹ̀jẹ̀. Kékeré ni o, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn níka. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà. Ọjọ́ yẹn gan-an la lọ sí ọsibítù, èmi ni mo bá a lọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá lálejò, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ń bi í ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi aboyún, ó wá kan èyí: "Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn kankan lọ́wọ́, mà?"

Háà! Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi le bíi pákó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò kì í lo oògùn. Láéláé." Ó tún yíjú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán nọ́ọ̀sì sí i. Ọmọ ọlọ́mọ ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tó jáde kéré. Nọ́ńbà oyún tó ti tó bẹ́ẹ̀ kì í kéré bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ká dúró díẹ̀ ká tún un ṣe, torí pé ohun tí oyún ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sókè kíákíá bí oyún bá ń dàgbà dáadáa. A tún un ṣe. Ó tún wálẹ̀ sí i. Mo dá a padà sínú ẹ̀rọ, ọ̀kan náà ni. Mo fi àwọn ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ iye tiwọn tẹ́lẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, ó gbà wọ́n láìṣì ẹyọ kan. Ara ẹ̀rọ le kokooko. Mo jókòó lórí àga, mo ń gbọ́ tírélà níta, mo ní Yáà Àláà, kí ni mo fẹ́ wí fún un?

Dókítà náà kì í ṣe aláìbìkítà. Àgbà ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní àwọn ti ya àwòrán inú, àpò kékeré kan ló wà níbẹ̀, àwọn ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ń wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ. Oyún ti bàjẹ́, ó dun òun púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ìlà méjì ló ṣì ń yọ lára ike. Mo sì ń bì láràárọ̀."

Ó ní ike lè máa fi ìlà méjì hàn fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí oyún ti bàjẹ́, pé èébì náà lè má tètè lọ. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn. Ó fún un ní hóró oògùn mélòó kan tí yóò lò nílé kí ohun tó kù nínú ilé ọmọ lè jáde, ó ní kó má ṣe dá wà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alihamudulilai fún ohun gbogbo." Kò sunkún. Ó kó o sínú báàgì, ó tún ìbòrí rẹ̀ so, ó dìde. Ká ní ó sunkún ni, ara ì bá tù mí.

Ní Sátidé, mo lọ bá a nílé lọ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀fù. Ó ti ní òun á dé kí wọ́n tó kírun mọ̀gàríbì, kó dúró de òun kó tó lo hóró náà. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú ò sí níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti ń gbé e bọ̀ lẹ́nu láti Àpápá. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Ẹni tó ti ń wá omi láti ọjọ́ yìí, ẹ wá fẹ́ máa bá a sọ̀rọ̀ agbè?

Mo ní, "Aǹtí mi, ẹ wá jókòó sílẹ̀ kí n bá yín dirun." Bí a ti máa ń ṣe ní kékeré nìyẹn, àmọ́ òun ló máa ń di tèmi nígbà yẹn, tó máa ń fi ìyàrun gbá mi lórí bí mo bá mira. Ó ní òun ò ṣe. Mo ní ẹ dákun. Nígbà tó yá, ó ṣí ìbòrí, ó sì jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé orí ẹ̀gbọ́n mi fún yín. Iwájú orí rẹ̀ ti re tipẹ́. Irun tí wọ́n ń fà le nígbà tó wà lọ́mọge àti ìbòrí tó ń so le lé e ló kó gbogbo rẹ̀ lọ, tí irun fi sún sẹ́yìn bíi ti bàbá wa. Èmi àti ọkọ rẹ̀ nìkan la mọ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó ń rí orí rẹ̀. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pápá bọ́ọ̀lù ni mo máa ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, mo ti ìyàrun bọ iwájú orí, ìyàrun ò kọjá. Irun! Irun dúdú, ó kún, ó le, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí Ọlọ́run pààlà sí.

Mo pariwo. Mo gbàgbé pé ẹni tí nǹkan ṣe ni mo wá kí. Mo ní, "Ẹ̀yin aǹtí yìí! Ta ló gbin koríko sórí pápá? Kí lẹ fi ń pa á?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Mi ò fi nǹkan kan pa á. Jíjẹ ni mò ń jẹ ẹ́."

"Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Fítámì ni jàre. Fítámì irun. Ẹnì kan tó gba ẹrù láti òkè òkun ló fún ọkọ mi, ó ní ìyàwó tòun ń jẹ ẹ́. Mò ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mò ń jẹ ẹ́ lálẹ́." Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ta ló ń rí irun mi bí kò ṣe òun? Mo ní bí mi ò bá tíì bímọ fún un, ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ ní irun fún un."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ mú un wá kí n rí i."

Abẹ́ ìrọ̀rí ló ti fà á yọ. Ìgò ńlá, àwòrán obìnrin onírun gbọọrọ lára rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: báyótìn.

Báyótìn, ọ̀kan ni nínú ẹbí fítámì B. Kì í ṣe nǹkan burúkú. Ó wà nínú ẹyin, ó wà nínú ẹ̀pà, gbogbo wa la ní in lára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kó sínú hóró kan péré nínú ìgò yẹn ju èyí tí ara ń fẹ́ lọ fíìfíì. Ẹ wá gbọ́ ìdí tí ìgò yẹn fi dẹ́rù bà mí. Nínú ẹ̀rọ wa, báyótìn la fi ń so nǹkan mọ́lẹ̀. Bí a bá ń wá ohun tí oyún ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, oníṣẹ́ méjì la máa ń rán sí i. Ọ̀kan gbé àtùpà ruténíọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ìkejì ní báyótìn lára. Àwọn méjèèjì á gbá a mú sáàárín. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní wà níbẹ̀ tí ara wọn kún fún àga, báyótìn nìkan ló sì lè jókòó sórí àga yẹn. Bí oníṣẹ́ kejì bá ti fi báyótìn rẹ̀ jókòó, gbogbo wọn ti ríbi dúró sí nìyẹn, tàtùpà tàtùpà. A ó wá fi omi ṣan gbogbo ohun tí kò ní ìjókòó dànù, a ó tan iná sí ìyókù, àtùpà á sì tàn. Bí ohun tí oyún tú jáde bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á ṣe pọ̀ tó.

Bí báyótìn tí èèyàn gbé mì bá wá kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú ńkọ́? Àwọn yẹn ò gbé àtùpà kankan lọ́wọ́. Mo-gbọ́-mo-yà ni wọ́n. Wọ́n á ti gba gbogbo àga kí ẹni tí a pè tó dé. Ẹni tí a pè á dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àtùpà rẹ̀, omi á wá gbá a lọ. A tan iná, òkùnkùn ló kù; bí èèyàn bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, òkùnkùn náà á pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kò sì purọ́, ohun tó rí ló sọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún wa tipẹ́, wọ́n sì ti ń ṣe irú tuntun tí àwọn mo-gbọ́-mo-yà ò lè tètè dàrú. Irú rẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n ń lò.

A sì bèèrè! Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, irọ́ ni lọ́jọ́ yẹn. A bèèrè, a sì ṣìnà, torí oògùn la bèèrè, ẹni tí a bi kì í sì í lo oògùn. Mo kígbe mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo ní, "Aǹtí mi, nọ́ọ̀sì bi yín! Etí mi ló ṣe! Ó ní ṣé ẹ̀ ń lo oògùn!"

Òun náà kígbe padà: "Fítámì kì í ṣe oògùn! Ìwọ náà? Ṣé ìwọ náà ti fẹ́ fi oògùn kàn mí báyìí?"

Ó tọ̀nà. Lẹ́nu wa níbí, aláìsàn ló ń lo oògùn, tàbí ẹni tó ń ṣe ohun tí kò fẹ́ káyé mọ̀. Oúnjẹ ni fítámì. Jíjẹ là ń jẹ ẹ́, a kì í lò ó. Kò sí bí ẹ ṣe lè da ọ̀rọ̀ yẹn bi obìnrin yẹn, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lórí rẹ̀, tí kò ní dá yín lóhùn bó ṣe dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Bí mo bá máa bínú, ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni kí n bínú sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó kù le ju ìbínú lọ. Hóró dókítà wà nínú báàgì tó gbé kọ́ sára ògiri. Bí mo bá dákẹ́, ó máa lò ó nírọ̀lẹ́, bí ọmọ bá sì wà nínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, tí kò wá sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mo máa jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán kúkú ò fi nǹkan hàn. Ẹ̀jẹ̀ kúkú ń yọ. Fítámì lè ba nọ́ńbà jẹ́, kí oyún náà sì ti bàjẹ́ lọ́tọ̀. Ọ̀kan ò ní kí èkejì má ṣẹlẹ̀. Mo di irun mú lọ́wọ́, mi ò lè dì í, mi ò lè tú u.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò dì í mọ́?"

Mo ní, "Aǹtí mi, ẹ má tíì lo hóró yẹn."

"Nítorí kí ni?"

"Nọ́ńbà tí a fún dókítà lè má jẹ́ òótọ́. Fítámì yìí lè ti bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò sọ pé oyún wà níbẹ̀ o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní a ò tíì mọ̀ ni."

Ó dìde lára mi pẹ̀lú irun tí mo dì dé ìdajì. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má fi mí ṣeré. Mo ti gbà fún Ọlọ́run. Mo ti gbà, mo ti dákẹ́. O tún wá gbé e padà wá fún mi?" Ìgbà yẹn ló wá sunkún. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n lù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, ó ń na ìka sí mi. Mo jókòó tì í. Èmi náà sunkún, mi ò purọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo pe dókítà. Mo ka ohun tó wà lára ìgò fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní, "Ṣé kò tíì lò ó?" Mo ní rárá, sà. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kó má lò ó. Kó jáwọ́ nínú fítámì yẹn lónìí, ká jẹ́ kí èyí tó ti jẹ kúrò lára rẹ̀, ká tún ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe. Ẹ ṣeun, àbúrò. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Kò bá wa jà, kò sì wí àwáwí. Mo ṣàdúrà fún un.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èèyàn tó ń pariwo lórí fóònù kiri wọ́ọ̀fù bí ẹni ń lé olè, ó jókòó, ó fetí sílẹ̀, ó gbé ìgò náà yí po lọ́wọ́. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e wálé." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ṣàánú mi, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹun." Bí wọ́n ṣe ń ṣe síra wọn lọ́jọ́ yẹn, ó wú mi lórí.

Àwọn ọjọ́ tí a fi dúró yẹn, ẹ má bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní a, b, d. Bí a bá pe ara wa, ọ̀rọ̀ òjò là ń sọ, ọ̀rọ̀ iná tí wọn ò mú wá là ń sọ. Ó ṣì ń bì, ẹ̀jẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ìyẹn ṣe ìrètí láàárín wa.

Ọjọ́ pé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi ní kí n jókòó, mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ dúró. Mo ń wo ara ẹ̀rọ bí ẹni pé mo lè rí inú rẹ̀. Mò ń rò ó lọ́kàn: àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ti wọlé báyìí, àwọn oníṣẹ́ ti jókòó báyìí, omi ti ń ṣàn kọjá báyìí. Jọ̀wọ́, tàn. Mò ń bẹ irin! Èmi ọmọ mùsùlùmí, mo dúró láàárín Àpápá, mò ń bẹ irin, àfi ìgbà tí mo rántí yí ẹ̀bẹ̀ náà sọ́dọ̀ Ẹni tó dá irin.

Ohun tó jáde kì í tiẹ̀ ṣe nọ́ńbà. Ẹ̀rọ ní ó ti ju èyí tí òun lè kà lọ, ká bu omi là á ká tó tún gbé e wá. Ọ̀gá mi kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ nìyí?" Mo ní òun ni, sà. Ó bá mi bu omi là á fúnra rẹ̀.

Dókítà ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ọmọ, ká lọ ya àwòrán ká rí i. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. A lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, sí ilé àwòrán kan ní apá GRA, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́ lábẹ́ igi. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè wọlé, ó dúró síta ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́bàá géètì. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní, "Èmi ò wò ó. Ìwọ bá mi wò ó."

Obìnrin tó ń ya àwòrán pa nǹkan tútù sí i níkùn, ó gbé ohun èlò rẹ̀ lé e, ó ń wá a. Mo rí àpò náà. Mo rí nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀ tí kò ju ẹ̀wà kan lọ. Láàárín ẹ̀wà yẹn, nǹkan kan ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú wàrà wàrà, kò sinmi. Mo ń wò ó, mo gbàgbé pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé mo dákẹ́. Láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ó ti yé mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúrà tí a máa ń ṣe fún ẹni tó kú.

Obìnrin náà ní, "Mà, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ dúró, ẹ gbọ́." Ó tẹ nǹkan kan, ìró sì gba gbogbo yàrá: gìdìgìdìgìdì, gìdìgìdìgìdì, bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré nínú pálọ̀. Ó ní, "Ọkàn ọmọ yín nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lójú. Kò wo àwòrán, kò wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, sínú nǹkan tútù yẹn, ó tẹ orí síbẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, dákun, má bínú sí mi. Wọ́n ní o ti lọ, mo sì gbà wọ́n gbọ́."